Nígbà Tí Eléèéfín Kò Jiyàn Mọ́

Ìjà ni àwọn méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀, ká sì ní wọ́n jà títí dòní ni, inú tèmi tí mò ń ròyìn wọn yìí ì bá dùn jọjọ.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé. Ọ̀gá wọn ń ra wisikí ní àgbá-àgbá láti òkè òkun, ó ń rọ ọ́ sínú ìgò, ó ń tà á fún àwọn ilé ìtura ńláńlá. Oríṣi méjì ló ń rà. Ọ̀kan ni Sikọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń fi ọkà báálì pọn ní Sikọ́tíláǹdì, tí èéfín sì máa ń wà nínú òmíràn nínú rẹ̀ nítorí iná tí wọ́n fi yan ọkà náà. Èkejì ni bọ́bọ̀nù, ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tí àgbàdo pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó máa ń ta sánsán bíi ṣúgà tí iná jó díẹ̀. Kí ọ̀gá tó náwó lé àgbá kankan, àwọn atọ́tíwò méjì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ọkùnrin kan àti obìnrin kan.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà á ní iṣẹ́ fàájì ni. Kò mọ̀ pé wọn kì í gbé ọtí ọ̀hún mì. Wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á fi ẹnu gbà á, wọ́n á tu ú sínú korobá, wọ́n á fi omi ṣan ẹnu, ó di òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà wọ yàrá ìtọ́wò, wọn kì í sì í jẹ àlùbọ́sà láàárọ̀. Pákó kan dúró láàárín tábìlì, tí kì í jẹ́ kí wọ́n rí ara wọn. Ife mẹ́rin ló máa ń wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, oríṣi ọtí mẹ́rin kan náà ni wọ́n sì bù fún àwọn méjèèjì, ní ìtẹ̀léra kan náà. Ẹni tó bá ti rí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn á mú ìdérí ìgò kan, á fi síwájú ife náà láìsọ̀rọ̀. Ìyá Onífe, tó ń bu ọtí tó sì ń fọ ife, á wá yọ pákó kúrò. Bí ìdérí méjèèjì bá wà níwájú ife kan náà, ọ̀gá á ra ọtí yẹn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di fà-á-kí-n-fà-á.

Ọkùnrin yìí kò fẹ́ràn ohun mìíràn ju Sikọ́ọ̀ṣì tó ní èéfín lọ, bọ́bọ̀nù sì ni ti obìnrin náà. Ìyá Onífe ló sọ wọ́n lórúkọ. Ó pe ọkùnrin ní Eléèéfín, ó pe obìnrin ní Aládùn, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára débi pé ọ̀gá pàápàá ń fi í pè wọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ tí Aládùn dé ẹnu iṣẹ́, kò sí ọjọ́ kan tí ìdérí wọn bára mu.

"Ẹ dákun, kí lẹ rí nínú ife yìí?" Eléèéfín bi í, ó na ìka sí bọ́bọ̀nù tó mú. "Ṣúgà lásán ni. Ọmọdé ló yẹ kí wọ́n gbé e fún."

"Ẹ̀yin ńkọ́, tó jẹ́ pé eérú lẹ fẹ́ máa mu?" Aládùn dá a lóhùn. "Ẹ bá kúkú lọ fi ẹnu sí ààrò."

"Ẹ má bínú o. Tí kì í bá ṣe àgbá tuntun tí wọ́n fi iná jó nínú, kí ni ẹnì kan fẹ́ fi mọ tiyín ní ọtí?"

"Àgbá yẹn náà kọ́ ni àwọn èèyàn yín ń rà ní àlòkù? Tí bọ́bọ̀nù wa bá jáde tán, wọ́n á gbé àgbá kọjá òkun, wọ́n á rọ tiyín sí i. Adùn díẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú Sikọ́ọ̀ṣì yín, èyí tá a ṣẹ́ kù sára igi ni. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ wa."

Eléèéfín lanu láti fèsì. Ìgbà tó máa ṣe nǹkan kan, ẹ̀rín ló bú sí, ó rín in títí ó fi di tábìlì mú. Ìyá Onífe ní láti ọjọ́ tí òun ti ń bá ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, òun kò tíì rí eyín rẹ̀ tán rí.

Láti ọjọ́ náà lọ, ìjà wọn di ohun tí àwọn méjèèjì ń fojú sọ́nà fún. Pákó kò ní tíì kúrò tán tí ẹnu wọn á ti máa yún wọn. Bí iṣẹ́ bá parí, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀, wọ́n á máa bá ìjà náà lọ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ á dé, Aládùn á jẹ́ kó kọjá nítorí pé kò tíì sọ tirẹ̀ tán. Ó sì ń ṣiyèméjì. Ó ti kúrò ní ọmọ ogún ọdún, bàbá rẹ̀ ti ń fọ̀rọ̀ ọkọ ṣàwàdà fún un lọ́nà tí kì í ṣe àwàdà mọ́. Ọkùnrin yìí wù ú, kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kì í gbà fún un lórí ife ọtí kan ṣoṣo, ìgbà wo ló máa sọ ọ̀rọ̀ tútù sí i létí?

Ọdún yípo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Onífe yọ pákó, ìdérí méjèèjì sì wà níwájú bọ́bọ̀nù kan náà.

"Ṣé ara yín dá báyìí?" Aládùn bi í.

"Ó dùn mọ́ mi lẹ́nu lónìí," Eléèéfín ní. Kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀gá ń dunnú pé ọ̀rọ̀ àwọn atọ́tíwò òun ti wọ̀. Aládùn kò mọ ohun tó máa rò. Ìyá Onífe ló là á yé e, níbi tó ti ń nu ife.

"Ṣé o ò rí i ni?"

"Kí ni mi ò rí, mà?"

"Ọkùnrin tó ti ń fi gbogbo ara bá ọ jà láti ọjọ́ yìí wá, ó wá ń gbà fún ọ ṣáá. Ìfẹ́ ti dì í lẹ́nu pa! Irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà, wọn kì í lè sọ ọ́. Jẹ́ kí n bá ọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

"Ẹ má lọ dójú tì mí o, Ìyá."

"Èmi? Mo ti so ìgbéyàwó mẹ́ta pọ̀ nínú ilé iṣẹ́ yìí, méjì ṣì ń jẹ́."

Lọ́jọ́ náà, Aládùn délé, ó gbé ìkòkò kaná, ó sì dúró tì í, ó ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé gbogbo ìgbà tí ọkùnrin náà fi ìdérí síwájú ife tí òun náà yàn, ṣe ló ń sọ pé òun fẹ́ ẹ.

Ìyá Onífe mú èsì wá lọ́jọ́ kejì. "Mo sọ ọ́ fún un. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló ṣú. Ó ní òun ti fẹ́ ọ láti ọjọ́ tó o ti sọ̀rọ̀ àgbá àlòkù. Ó ní ká fún òun láyè díẹ̀."

"Kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi ṣú?"

"Ọkùnrin ni. Ẹ̀rù ìnáwó ń bà á."

Nígbà tó yá, Eléèéfín fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àgbá òfìfo lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ló ti sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Mo fẹ́ ọ. Tó bá ṣe tèmi nìkan ni, mi ò ní jẹ́ kó di ọ̀la." Aládùn ní kí ló tún kù. Ó ní ó ku ìyá òun.

Ìyá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wọn ń pè ní Ìyá Aránṣọ. Opó ni, yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, okùn ìdiwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ẹfun ìlàṣọ kì í sì í kúrò níka rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó rí Aládùn. Ó dì í mú léjìká, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èjìká rẹ dára, ọmọ mi. Aṣọ á jókòó lára rẹ dáadáa. Jókòó. Ìwọ, lọ gbé mílíìkì kaná, ká fi mu tíì."

Eléèéfín wọ kíṣìnnì lọ. Ìyá àti Aládùn jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Ìyá bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀, ó ní ìyá òun ti kú, bàbá òun ni kápẹ́ńtà. Ó bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, ó ní atọ́tíwò ni òun, ibi kan náà ni òun àti ọmọ wọn ti ń ṣe é. Kò tíì pa ẹnu dé tí òórùn mílíìkì tó jóná fi gba gbogbo yàrá. Ìyá Aránṣọ dìde, ó sáré lọ sẹ́yìn. Nígbà tó máa padà, ojú rẹ̀ ti yí, ó sì dúró lójú kan.

"Ọmọ, máa lọ sílé yín."

"Mà?"

"Mi ò gbà. Ọmọ mi kò ní fẹ́ obìnrin tó ń fi ọtí fọ ẹnu. Má wá síbí mọ́."

Aládùn wo Eléèéfín tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú ìkòkò dúdú lọ́wọ́. Inú ìkòkò náà ló ń wò. Aládùn mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Lójú títì, omijé kò jẹ́ kó rí iwájú. Ṣé òun nìkan ló ń fi ọtí fọ ẹnu ni? Iṣẹ́ tí ọmọ ìyá náà fi ń tọ́jú rẹ̀ kọ́ ni?

"O ò tiẹ̀ lè sọ gbólóhùn kan," ó sọ fún Eléèéfín lọ́jọ́ kejì.

"Ìyá mi kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Èmi wá ni èèyàn burúkú?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má jẹ́ ká jà."

Ìyẹn gan-an ló dun Aládùn jù. Ọkùnrin yìí kò tún fẹ́ jà mọ́. Ìyá Onífe wọ aṣọ tó dára, ó lọ bẹ Ìyá Aránṣọ, ó tún padà lọ lẹ́ẹ̀kejì. Èsì kan náà ló gbà bọ̀: kí ọmọ náà wá ọkọ mìíràn, kí ó sì tètè wá a. Ìyá Onífe ní òun kò tíì rí ìyá tó ń lé ìyàwó ọmọ tó sì ń sunkún tó báyìí. Oṣù ń gorí oṣù. Lójoojúmọ́, wọ́n á yọ pákó, ìdérí méjèèjì á wà níwájú ife kan náà, Aládùn á sì máa wò wọ́n bíi pé ẹnì kan ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣẹ́ ti parí, Aládùn ń bọ̀ láti ìta, ó gbóòórùn aṣọ tó ń jó. Ó sáré wọ ibi ìfọfe. Aṣọ ìnufe ti já bọ́ sórí sítóòfù iná mànàmáná, apá kan rẹ̀ ti di dúdú. Eléèéfín ló jókòó síbẹ̀, ó kẹ́yìn sí sítóòfù náà, kò jìnnà sí i rárá, ó ń bó ọsàn jẹ́jẹ́. Aládùn fa aṣọ náà yọ, ó jù ú sínú omi.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Eléèéfín bi í. Ó yíjú, ó rí aṣọ náà, ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Háà. Ọ̀fìnkìn ló ń yọ mí lẹ́nu."

Aládùn ń fún omi kúrò lára aṣọ náà. Mílíìkì ọjọ́sí ló sọ sí i lọ́kàn. Kíṣìnnì yẹn kò ju kí èèyàn méjì dúró lọ, ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà ni Eléèéfín sì dúró sí títí ó fi jóná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ìyá Onífe tó dé, Aládùn bu ọtí sínú ife kan. Ó gbàdúrà kó jẹ́ pé èrò burúkú lásán ni òun ń rò.

"Bá mi gbóòórùn eléyìí," ó ní. "Sikọ́ọ̀ṣì tuntun tó wá láti erékùṣù ni. Ó jọ pé èéfín rẹ̀ ti pọ̀ jù."

Eléèéfín gba ife, ó rọra ń yí i bó ṣe máa ń yí i, ó fi imú sí i, ó dijú. "Ó pọ̀ lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n èéfín tó dáa ni. Iyọ̀ òkun wà lábẹ́ rẹ̀."

Bọ́bọ̀nù ló wà nínú ife náà. Kò sí èéfín níbẹ̀, kò sí iyọ̀, adùn àgbàdo ni látòkè délẹ̀. Aládùn gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí.

"Bọ́bọ̀nù ni," ó ní.

Eléèéfín wá jókòó tì í.

"Ó ti pẹ́ tó?" Aládùn bi í.

"Láti ìgbà tí mo ti ń gbà fún ọ."

"Báwo lo wá ṣe ń mọ ife tí mo mú? Pákó wà láàárín wa."

"Èémí rẹ ni. Tó o bá kan èyí tó wù ọ́, o máa ń fà á símú lẹ́ẹ̀mejì, èkejì á rọra wọlé bí ẹni tó ń jí nǹkan gbé. Mo máa ń ka iye ife tó o ti kàn. Mo máa ń tẹ́tí."

Aládùn bú sẹ́kún. "Mo rò pé o gbà fún mi ni. Ìyá Onífe ní ìfẹ́ ni. Mo lọ sílé, mo ń rẹ́rìn-ín sí ìkòkò! Àṣé imú rẹ ló kú."

"Ìfẹ́ náà kọ́ ni? Ta ló ń gbọ́ èémí ẹni tí kò fẹ́?"

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Eléèéfín gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní òun ti lọ sọ́dọ̀ dókítà, pé kì í ṣe imú ló ń ṣe òun. Ọpọlọ ni. Àìsàn tó pa bàbá òun ni, imú ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ. "Ìyá mi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mílíìkì jóná ló mọ̀."

Aládùn kò dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó wọkọ̀ lọ sí ilé Ìyá Aránṣọ. Ìyá náà rí i lẹ́nu ọ̀nà, ó sì mọ̀ pé ó ti gbọ́. Ó gbé aṣọ kúrò lórí àga kan fún un.

"Oníbúrẹ́dì ni bàbá rẹ̀," ó ní. "Ọjọ́ tí búrẹ́dì jóná níṣojú rẹ̀ tí kò mọ̀, a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbàgbé iye iyọ̀ tí wọ́n ń bù sí ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbàgbé ọ̀nà ilé. Ní ìgbẹ̀yìn, ó máa ń tì mí síta, á ní ta ni obìnrin yìí, kí ló wá ṣe nínú ilé òun?"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà."

"Mo fẹ́ràn rẹ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi. Bí mo ṣe di èjìká rẹ mú, mo ti ń rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ lọ́kàn. Ìdí tí mo fi lé ọ nìyẹn. Ká ní mi ò fẹ́ràn rẹ ni, kíákíá ni ǹ bá ti gbà, kí n rí ẹni tó máa bá mi tọ́jú rẹ̀."

Aládùn nu ojú. "Ṣé ẹ kábàámọ̀ pé ẹ fẹ́ bàbá?"

"Ìbéèrè burúkú lo bi mí yẹn."

"Ẹ dá mi lóhùn, mà."

Ìyá Aránṣọ yí ẹ̀rọ rẹ̀ díẹ̀, ó tún dúró. "Rárá. Mi ò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú. Ìwọ ti gbọ́. Tìrẹ le ju tèmi lọ."

Bàbá Aládùn náà kò gbà. Ibi tó ti ń fá pákó ni ọmọ rẹ̀ ti bá a. "Mi ò bí ọ kó o lọ máa tọ́jú abirùn," ó ní.

"Tí mo bá fẹ́ ẹni tára rẹ̀ le, tó wá ṣàìsàn lọ́la, ṣé ẹ máa ní kí n kọ̀ ọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Kí ló fi yàtọ̀, Bàbá?"

"Èyí, o ti mọ̀! Ọmọ ńkọ́? Ṣé wàá bímọ sínú irú ẹ̀?"

"A ò ní bí i."

Kápẹ́ńtà náà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Ó dojú kọ ògiri. "Lọ ṣe ohun tó o bá fẹ́ ṣe," ó ní. "Ṣùgbọ́n má ní kí n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà."

Ó wá ku Eléèéfín fúnra rẹ̀. Ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Aládùn bá a nílé, ó ní kó máa lọ. "Ẹni tó o fẹ́, ẹni tó ń bá ọ jà ni. Ẹni yẹn ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Má fẹ́ ìyókù."

"Bá mi jà báyìí nígbà náà. Ìwọ ní ká má fẹ́ra, èmi ní ká fẹ́ra. Bọ́ síta, ká wo ẹni tó máa borí."

Eléèéfín gbìyànjú láti le ojú, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Aládùn ló borí.

Ìgbéyàwó wọn kò lérò. Ìyá Aránṣọ rán aṣọ náà fúnra rẹ̀, Ìyá Onífe wá, ọ̀gá rán ìgò kan wá. Bàbá Aládùn kò rẹ́rìn-ín gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ, ṣùgbọ́n ó kan bẹ́ẹ̀dì fún wọn, ó sì gbé e wá láàárọ̀ kùtù.

Wọ́n gbádùn ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè rò pé ẹkún nìkan ló wà nínú ilé náà. Aládùn ṣì ń tọ́ ọtí wò, bó bá sì ti délé, á jókòó, á sọ fún ọkọ rẹ̀ ohun tó bá pàdé nínú ife kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Eléèéfín kò lè fi imú mọ̀ mọ́, ó ṣì ń rántí rẹ̀. Á ní irọ́ ni, Sikọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbẹ́ òkun kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn èéfín ni adùn rẹ̀ máa ń yọjú. Aládùn á ní ta ló bi ẹni tí kò nímú? Wọ́n á pariwo títí Ìyá Aránṣọ, tó ti kó wá sọ́dọ̀ wọn, á fi kígbe láti yàrá kejì pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí abẹ́rẹ́ òun fi òwú bọ̀.

Nígbà tó yá, Eléèéfín bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọtí kan pe òmíràn. Lẹ́yìn náà ni kò mọ ìyàtọ̀ Sikọ́ọ̀ṣì àti bọ́bọ̀nù mọ́. Lẹ́yìn náà, Aládùn á sọ̀rọ̀ ife, ọkọ rẹ̀ á sì kàn máa mi orí sí i, á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Aládùn mọ̀ nísinsìnyí ohun tí bẹ́ẹ̀ ni yẹn jẹ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Òun àti Ìyá Aránṣọ ń gbà á fún ara wọn, bí ọ̀kan bá ń fún un lóúnjẹ, èkejì á sùn díẹ̀. Ìyá ti ń darúgbó, ṣùgbọ́n ó mọ gbogbo ọ̀nà rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láṣọ láì mú un bínú, bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn láì jẹ́ kó mọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń di ọwọ́ Aládùn mú nínú kíṣìnnì, kò ní sọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán kan tí oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, Aládùn jókòó níwájú ọkọ rẹ̀, ó ń gé èékánná rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti parí. Eléèéfín ń wò ó. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò ti sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun o," ó ní, bí èèyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Ẹ mà ń ṣe wàhálà lórí mi."

"Kò sí wàhálà níbẹ̀."

Ó tún wò ó títí. Ojú ń tì í díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú tí mo bá bi yín. Ṣé ẹ ti lọ́kọ?"

Ọwọ́ Aládùn dúró. Ní yàrá kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ náà dákẹ́.

"Mo ti lọ́kọ," ó ní.

Ojú ọkùnrin náà rẹ̀wẹ̀sì. Ó mi orí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orí bá ọkọ yín ṣe é." Ó ronú díẹ̀. "Ṣé ó mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

"Kò mọ̀."

"Ẹ máa lọ bá a nílé o. Kó má baà máa wá yín kiri."

"Màá lọ tó bá yá," Aládùn ní. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kejì lé itan, ó sì ń gé èékánná náà lọ.